Erùpẹ̀ Tí Dúpẹ́ Bù fún Ìyá Rẹ̀

Nígbà tí mo gba iṣẹ́ ní ilé kan ní Agbowa, Wálé ọmọ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bi mí pé kí ni iṣẹ́ náà, mo ní kí n máa gbé ibẹ̀ ni. Òótọ́ sì ni. Àwọn àgbàlagbà tí ọpọlọ wọn kò yára bíi ti ẹgbẹ́ wọn láti kékeré ló ń gbé ilé náà, pẹ̀lú àwa tí wọ́n gbà láti máa bá wọn gbé. A kì í ṣe nọ́ọ̀sì. A jọ ń dáná, a jọ ń ro oko ẹ̀gẹ́, bí a bá sì jà, a jọ ń parí ẹ̀. Dúpẹ́ ló kọ́kọ́ bá mi jà. Ó ní abọ́ tí mo fọ̀ kò mọ́, ó tún gbogbo rẹ̀ fọ̀ lójú mi.

Dúpẹ́ ti ń sún mọ́ ẹni ogójì ọdún nígbà náà. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń wá wò ó láti Ẹ̀pẹ́. Lọ́jọ́ kan, Kọ́lá àbúrò rẹ̀ pè mí lórí fóònù alágbèéká, èyí tó jẹ́ pé títì la máa ń jáde sí nígbà náà kí ohùn tó lè já geere. Ó ní ìyá àwọn ti kú, kí n má sọ fún Dúpẹ́.

"Kò lè yé e, mà," ló wí.

Inú bí mi. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Wọn ò sọ ti ẹ̀gbọ́n ẹni. Nínú ilé wa, a kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo jókòó ti Dúpẹ́, mo sọ fún un. Kò sunkún. Ó bi mí ọjọ́ ìsìnkú, ó sì lọ fọ aṣọ funfun rẹ̀. Ọkàn èmi pàápàá wá ń ṣe iyèméjì bóyá ó yé e.

Nígbà tí a dé Ẹ̀pẹ́, Kọ́lá mú wa lọ sí ẹ̀yìnkùlé, láàárín àwọn ìkòkò. Ó bẹ̀ mí pé kí a jókòó síbẹ̀, àwọn àna òun kò mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n. Kò wo ojú Dúpẹ́ nígbà tó ń sọ ọ́.

Iwájú ilé ni wọ́n gbẹ́ sàréè sí. Bí wọ́n bá ti gbé pósí wọlẹ̀, àkọ́bí ni pásítọ̀ máa ń kọ́kọ́ pè kó bu erùpẹ̀ sí i, kí àwọn àbúrò tó tẹ̀ lé e. A gbọ́ tí wọ́n pe Kọ́lá ní àkọ́bí. Dúpẹ́ dìde. Mo lè dá a dúró. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a jọ lọ.

Kọ́lá ti bu tirẹ̀ tán. Pásítọ̀ wo Dúpẹ́, ó wo Kọ́lá.

"Àwọn ọmọ ti pé, sà," Kọ́lá wí.

"A ò tíì pé," Dúpẹ́ dáhùn. "Èmi ńkọ́?"

Pásítọ̀ na ṣọ́bìrì sí i. Dúpẹ́ bu erùpẹ̀, ó rọra dà á sílẹ̀, ó sì dúró títí wọ́n fi bo sàréè náà tán. Kọ́lá kò sìn wá sọ́nà, kò sì wá sí Agbowa rí títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà, Dúpẹ́ fa aṣọ mi.

"Ìyá Wálé, ṣé wọ́n rí mi?"

"Gbogbo wọn ló rí ẹ."

Ó gbé orí lé èjìká mi. Ìgbà yẹn ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ìyá rẹ̀.