Ibi Tí Màmá Fò Nínú Ìtàn

“Dúró níbẹ̀ ná. Ta ló lu ta?”

Àfọ́kù igbá tí Màmá fi ń yí gàrí dúró sójú kan nínú agbada. Èéfín igi ń gba abẹ́ páànù jáde, ojú ń ta mí, òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan sì gba gbogbo imú mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé ni. Ìjà kan tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wa ni mo ń ròyìn. Mo ní, “Ó gbá a létí, òun náà bá fà á láṣọ, ó wá ṣubú, ó sì bú sẹ́kún.” Èmi rò pé ìtàn náà dùn.

“Ó gbá a, ó fà á, ó ṣubú,” ni Màmá wí. “Ṣé adìẹ ni wọ́n ni? Ta ni wọ́n? Níbo ni wọ́n wà? Kí ni èyí tó kọ́kọ́ nawọ́ ń wá lọ́wọ́ ìkejì?”

Mo ronú díẹ̀. Mo ní ọmọbìnrin méjì ni, àti pé ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n ń jà sí, nítorí pé ooru mú.

“Ẹn-ẹ́n.” Igbá tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń bọ̀. “Ó ti wá ń di ìtàn. Tún un sọ.”

Aládùúgbò wa ni Màmá ní Ìwàrò-Ọ̀kà, wọn kì í ṣe ìbátan wa. Ìyá mi ń ta bàtà ọmọdé ní ọjà Ìkàrẹ́, Ìkàrẹ́ náà ni mo sì ti ń lọ sílé ìwé. Láràárọ̀, a ó jọ wọ mọ́tò lọ. Lọ́sàn-án, èmi nìkan ni n ó padà wá, nítorí pé ìyá mi kì í kúrò lọ́jà títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ́ ṣú. Ọ̀dọ̀ Màmá ni mo ti máa ń dúró dè é. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. N ó bọ́ aṣọ ilé ìwé, n ó mú ọ̀bẹ, n ó jókòó sórí àpótí, n ó sì máa bó ẹ̀gẹ́. Omi á máa kán tó, tó, tó láti inú àwọn àpò tí wọ́n gbé òkúta lé. Tí wọ́n bá pe ìrun Alàásárì ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé, Màmá á fa igi kúrò nídìí agbada, wọ́n á lọ ṣe àlùwàlá, èmi á sì máa lé adìẹ títí wọ́n á fi kírun tán.

Wọn kì í ṣe ọmọ Ọ̀kà. Ṣóṣàn ni wọ́n ti bí wọn, ìgbéyàwó ló gbé wọn wá. Èdè tí wọ́n fi dàgbà yàtọ̀ sí Yorùbá, nítorí náà, bí wọ́n bá ń bá wa sọ̀rọ̀, wọ́n máa ń ṣa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lè fara da ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí.

Ní tẹ́ẹ̀mù kejì, olùkọ́ Yorùbá wa kọ àwọn nǹkan kan sójú pátákó: ẹ̀dá ìtàn, ibùdó ìtàn, àhunpọ̀ ìtàn, kókó ọ̀rọ̀. Ó ní láìsí wọn, kò sí ìtàn kúkúrú. Mo há gbogbo rẹ̀ sórí kí n tó délé. Ṣùgbọ́n ó tún ní kí oníkálukú kọ ìtàn kan wá, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lásán ni mo há. N kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Mo kà wọ́n fún Màmá. Wọ́n ní kí n máa pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ̀dá ìtàn. Ṣé ẹni tí ọ̀rọ̀ dé bá nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ibùdó ìtàn?”

“Ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀.”

“Èyí tí ẹ ní ẹ hun pọ̀ ńkọ́?”

Mo ní tíṣà ní ó jẹ́ bí àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Màmá mirí. “Ewúrẹ́ náà ń tẹ̀ lé ara wọn. Èyí tó ṣáájú ló gbọ́dọ̀ bí èyí tó tẹ̀ lé e. Tí mo bá ní òjò rọ̀, mo sì jẹun, kí lo fẹ́ bi mí? Ṣùgbọ́n tí mo bá ní òjò rọ̀, ẹ̀gẹ́ tí mo sá kò gbẹ, ilé wa kò wá rí nǹkan kan jẹ, ìwọ fúnra rẹ á fẹ́ mọ ohun tí a ṣe.”

“Kókó ọ̀rọ̀ wá ńkọ́, mà?”

“Ìyẹn ni n kò tíì mọ̀. Bóyá a ó bá a níwájú.”

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ìtàn kan tí n ó kọ. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú wọn. Wọ́n ní obìnrin kan wà, ọmọ Ṣóṣàn, tó lọ́kọ sí ìlú kejì. Ó ní àbúrò obìnrin kan tó dúró ti ìyá wọn nílé. Ìyá ṣàìsàn. Àbúrò ránṣẹ́ sí i pé kó máa bọ̀. Nígbà tí obìnrin yìí fi máa dé, wọ́n ti sin ìyá. Àbúrò tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, wọn kò fojú kan ara wọn mọ́.

“Ó tán, mà?”

“Ó tán.”

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń ṣà lẹ́yọ lẹ́yọ, kíákíá ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. N kò fura.

Mo kọ ọ́ bó ṣe wà, ojú ewé kan àti ààbọ̀. Nígbà tí olùkọ́ dá ìwé wa padà, yíǹkì pupa wà nísàlẹ̀ tèmi: “O gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ìlú kejì kò jìnnà. Wọ́n ránṣẹ́ sí obìnrin yìí, kí ló dé tó fi pẹ́? O fo ibẹ̀.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo gbé ìbéèrè yìí lọ bá Màmá tayọ̀tayọ̀. Mo ka ohun tí tíṣà kọ fún wọn. Igbá dúró lọ́wọ́ wọn. Etí gàrí kọ́kọ́ pọ́n, ó wá ń dúdú lọ.

“Màmá, ó ń jó.”

Wọ́n fa igi síta, wọ́n da omi sí i. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, gàrí kò jó mọ́ wọn lọ́wọ́ rí. Wọn kò wo ojú mi nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀. “Máa lọ sílé yín. Lọ dúró de ìyá rẹ níbẹ̀.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa lọ́sàn-án, tí mo ń gbọ́ ìró igbá láti òdìkejì. Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ohun tó ń jà nínú mi ju ẹ̀rù lọ: mo fẹ́ mọ̀. Kí ló wà níbẹ̀ tó lè jó odindi agbada gàrí? Mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Ó wò mí títí, ó ní, “Ìbéèrè mìíràn wà tó jẹ́ pé orí egbò ló ń bà lé. Lọ kúnlẹ̀ fún wọn.”

Lọ́jọ́ kẹrin, mo lọ. Kí n tó kúnlẹ̀ tán, Màmá ti sún àpótí sí mi. Kò sí iná nídìí agbada.

“Ọjọ́ Ajé ni dẹ́rẹ́bà mú iṣẹ́ náà wá,” ni wọ́n wí. “Ó ní àbúrò mi ní kí n máa bọ̀, pé Ìyá ń pè mí.”

Mo gbọ́ ‘mi’ yẹn. N kò mira.

“Ẹ̀gẹ́ tó ti kan wà nílẹ̀, àpò mẹ́rin. Tí mo bá fi sílẹ̀, á bàjẹ́. Mo ní kí n yan án tán ná. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá mi máa ń ṣàìsàn, ara rẹ̀ á tún yá. Mo rò pé á dúró dè mí.” Wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. “Nígbà tí mo débẹ̀, mo sọ fún àbúrò mi pé àná ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Ó mọ dẹ́rẹ́bà náà. Ó ti bi í.”

Mo bi wọ́n pé ó ti tó ọdún mélòó. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n pọ̀n lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ti ní ọmọ tirẹ̀ báyìí.

Mo mú ọ̀bẹ, mo bó ẹ̀gẹ́ títí wọ́n fi pe ìrun. Nígbà tí wọ́n kírun tán, wọ́n ní, “Bá mi bẹ ìyá rẹ. Ní Sátidé, ìwọ ni o máa sìn mí lọ sí Ṣóṣàn.”

“Èmi, mà?”

“Ìwọ lo bèèrè.”

Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n ti di gàrí sínú àpò kékeré kan láti gbé lọ. Nígbà tí a fẹ́ jáde, wọ́n dúró, wọ́n wo àpò náà, wọ́n sì gbé e padà sínú yàrá. Ọwọ́ lásán ni a mú lọ. A wọ mọ́tò dé Ìfira, a sì gun ọ̀kadà kan láti ibẹ̀, èmi láàárín, ọwọ́ Màmá ní èjìká mi. Ọwọ́ náà wúwo.

Iwájú ilé ni a bá àbúrò wọn, tó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Ojú kan náà ni wọ́n ní, àfi pé àbúrò tín-ín-rín. Ó rí wa, kò dìde. Màmá dúró ní àárín àgbàlá bí ọmọ tó fọ́ àwo. Àbúrò wá sọ ohun kan, kúkúrú, ní èdè wọn.

N kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Gbogbo ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì wá, ojú mi báyìí ló ṣe ń ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ wọn. Màmá sọ̀rọ̀ kíákíá, àbúrò gbé ọwọ́ sókè, Màmá dákẹ́. Màmá tún bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ń ṣa ọ̀rọ̀ nínú èdè tí wọ́n bí wọn sí pàápàá. Lẹ́yìn náà, Màmá na ìka mẹ́ta. Mo mọ ibi tí wọ́n dé.

Àbúrò gbé àtẹ sílẹ̀, ó wọlé. Mo ń retí ìró ilẹ̀kùn. Omi ló gbé jáde, ife méjì. Ó fún mi ní tèmi. Ó di èkejì mú fún ìgbà pípẹ́ kó tó nà án sí Màmá. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n mu ún tán lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí ibojì ìyá wọn wà, sìmẹ́ńtì rẹ̀ ti sán. Màmá tẹ́ ọwọ́ wọn, wọ́n ṣàdúà. Àbúrò tó jẹ́ Kristẹni dúró tì wọ́n, ó ní àmín. Kò sí ẹni tó dì mọ́ ẹnì kan. Àwọn adìẹ ti ń jẹ ẹ̀wà lórí àtẹ, n kò sì mọ̀ bóyá kí n lé wọn.

A dé Ìfira kí n tó lè bèèrè. “Màmá, kí ni wọ́n kọ́kọ́ bi yín?”

“Ohun tí ìwọ bi mí.”

“Ṣé wọ́n ti wá darí jì yín?”

“Ó fún mi lómi mu. Ó ní kí n wá nígbà tí iṣu bá jáde. Ìyókù ṣì wà níwájú.”

Mo bi wọ́n bóyá mo lè tún ìtàn náà kọ. Wọ́n ronú sí i títí mọ́tò fi kún.

“Kọ ọ́. Má fi orúkọ mi sí i. Má sì fo ibẹ̀.”

N kò fi orúkọ sí i nígbà náà, n kò sì fi sí èyí. Olùkọ́ kò kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀ ju máàkì lọ. Ó dá mi dúró lẹ́yìn tí àwọn yòókù jáde, ó bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní obìnrin kan ló sọ ọ́ fún mi.

Màmá lọ sí Ṣóṣàn nígbà iṣu tuntun. Àbúrò wọn náà wá sí Ọ̀kà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fojú mi rí i nídìí agbada, tó ń ráhùn nípa èéfín. Ìgbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni Màmá ṣaláìsí. Ìyá mi sọ fún mi pé àárọ̀ kùtù ni wọ́n pe àbúrò lórí fóònù, ó sì ti dé kí wọ́n tó wẹ òkú.

Èmi náà ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá báyìí, ní Ìkàrẹ́. Mo máa ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sójú pátákó, mo sì mọ̀ pé àwọn ọmọ ń há wọn sórí ni. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin bi mí ìdí tí èmi àti bàbá rẹ̀ fi pínyà. Mo ti ní èsì kan tí mo máa ń fún gbogbo ènìyàn, gbólóhùn méjì péré ni, bàbá rẹ̀ ló sì jẹ̀bi nínú méjèèjì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, mo sì gbọ́ bí ohùn mi ṣe ń yára níbì kan. Mo dákẹ́. Ọmọ náà ń wò mí. Mo ní kó fa àga sún mọ́ mi, mo sì sọ fún un ohun tí èmi náà ṣe.