Nọ́ọ̀sì Tó Ní A Ń Sanwó Jù Fún Òun

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣírò owó oṣù òṣìṣẹ́ ní ọsibítù aládàáni kan ní Adó-Èkìtì. Gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn mi, orin kan náà ni wọ́n ń kọ: "Ọ̀gá, owó mi ò pé." Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga lọ́jọ́ tí Nọ́ọ̀sì Fẹlísíà wọlé, tó rọra ti ilẹ̀kùn, tó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, owó tí ẹ ń san fún mi ti pọ̀ jù."

Mo yọ awò ojú mi. "Ṣé ara rẹ le? Àbí kí n pe dókítà wá wo nọ́ọ̀sì?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi. Ó ti rí ẹ̀rọ ìṣirò kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ iye tó yẹ kó kù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ lẹ́yìn owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì. Iye tí ẹ̀rọ náà sọ kéré sí èyí tó ń wọ báǹkì rẹ̀ lóṣooṣù.

"Bí ẹ bá máa gbà á padà, ẹ má gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti ní kí káfíńtà dáwọ́ dúró. Ulé màmá mi ní Ìyìn ń jò, òjò sì ti ń ṣú bọ̀."

Ọ̀rọ̀ káfíńtà yẹn ló jẹ́ kí n fi yẹ̀yẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé ẹ̀rọ ìlọta ni gbogbo ẹ̀rọ ìṣirò: ẹni tó gbé ata lọ kì í gbé ẹ̀wà bọ̀. Mo bi í pé:

"Kí lo kọ síbi tí wọ́n ti béèrè owó oṣù?"

"Owó oṣù mi náà ni."

"Èwo nínú ẹ̀?"

"Èyí tó ń wọ báǹkì. Ṣé òmíràn tún wà ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣe níhìn-ín. Bi òṣìṣẹ́ Adó léèrè iye tó ń gbà, èyí tó kù sí i lọ́wọ́ ló máa pè. Àpapọ̀ owó, kí a tó yọ kọ́bọ̀ kankan, ni ẹ̀rọ ń béèrè ní tirẹ̀. Adìẹ tí a ti tu ìyẹ́ rẹ̀ ni Fẹlísíà gbé fún un, ó sì tún ń tu ú.

A bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. A kọ àpapọ̀ owó. A rí i dájú pé oṣù la mú, kì í ṣe ọdún. A fi owó ilé tó ń san sí i, nítorí òfin owó orí tuntun fi ìdẹ̀ra díẹ̀ sílẹ̀ fún ayálégbé. Mo sì wò ó bóyá òfin tuntun yẹn ni ẹ̀rọ náà ń lò. Èyí tó bá ń fi òfin àná ṣírò kò lè sọ òótọ́ òní. Owó orí fúnra rẹ̀ dà bí òkè Èkìtì: ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í ni èèyàn lára. Apá tó bá gòkè nínú owó rẹ nìkan ni ìdá tí ìjọba ń mú ti ń ga.

Ẹ̀rọ dáhùn. Iye rẹ̀ wá ju ti báǹkì lọ! Fẹlísíà fò dìde.

"Háà! Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ti ń rẹ́ mi jẹ!"

"Ìwọ tó ń bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan?"

Mo ní: "Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ò ń dá ńkọ́?" Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká máa yọ owó ẹgbẹ́ náà láti ìgbà tó ti gba iṣẹ́. Ẹ̀rọ mọ òfin ìjọba; kò mọ àdéhùn ìwọ àti ẹgbẹ́ rẹ. A yọ ọ́ kúrò, ìṣirò méjèèjì bára mu wẹ́kú.

"Owó yẹn wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí?"

"Ó wà níbẹ̀. Kò jò bí ilé màmá rẹ."

Orí àga mi ló jókòó sí tó fi pe káfíńtà padà. Ó yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ lé tirẹ̀ lórí, páànù tuntun sì ti wà lókè kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gan-an.

Màmá fi iṣu rán Fẹlísíà sí mi láti Ìyìn. Mo yẹ inú àpò wò, kò tó ìdajì.

"Fẹlísíà, iṣu yòókù dà?"

"Mo ti yọ ti Fadá ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo yọ ti ọlọ́kadà, mo sì yọ tèmi tí mo gbé e wá. Ẹ̀gbọ́n, èyí tó dé ọwọ́ yín yẹn, ẹ má lọ kọ ọ́ sí ojú àpapọ̀ o!"