Ìbọn Idẹ Inú Ṣẹ́ẹ̀dì Bàbá Tom

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ gé kọ́kọ́rọ́ ní Blanchardstown. Ọkùnrin tó ń gé e tan ẹ̀rọ rẹ̀, irin ké fíìn, òórùn òróró gbígbóná àti ti idẹ sì lù mí lójú. Ọmọbìnrin mi tó dúró tì mí ní, "Mammy, are you grand?" Mo ní kò sí nǹkan kan. Nǹkan wà, àmọ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ lórí ìdúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo wá kọ ọ́ síbí fún òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n bí sí Dublin, tí wọn kò mọ bí a ṣe gbé ìlú yìí nígbà tí owó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́.

Corduff là ń gbé nígbà náà, nínú ilé kan tí ògiri rẹ̀ so mọ́ ti Bàbá Tom. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń kọ́lé. Tí o bá jókòó sí òkè bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí àárín ìlú, kéréènì ló kún ojú ọ̀run, wọ́n sì ń wó àwọn ilé gogoro Ballymun lulẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn ń ra ilé bí ẹni ń ra búrẹ́dì. Bàbá mi ń wa takisí, ọ̀sán ló fi ń sùn. Ìyá mi ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, Bàbá Tom sì wà lára wọn. Ó ti sin ìyàwó rẹ̀, ó ń dá gbé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ń gbọ̀n débi pé ìdajì tíì rẹ̀ máa ń dà sílẹ̀ kí ife tó dé ẹnu. Nítorí pé a kò gbọdọ̀ jí bàbá mi, ilé Bàbá Tom ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lẹ́yìn ilé ìwé.

Aláwàdà ni Bàbá Tom. Gbogbo ohun tí kò bá ti rántí orúkọ rẹ̀, "yoke" ló ń jẹ́. Oògùn rẹ̀ jẹ́ yoke, rímóòtù jẹ́ yoke, ìgbà kan ó tiẹ̀ pe fádà ìjọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tọ́ ọbẹ̀ ata ìyá mi wò lẹ́ẹ̀kan, ó mu omi jọ́ọ̀gì kan tán, ó sì ní ó dùn gan-an, òun kò ní jẹ ẹ́ mọ́.

Ṣẹ́ẹ̀dì onípákó kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Inú rẹ̀ ni léèdì wà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí irin kí wọ́n lè gbẹ́ ẹ, nítorí tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ náà gbẹ́ irin, ni Bàbá Tom kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lọ́jọ́ kan tí ìyá mi ń gbá ibẹ̀, ó rí idẹ kan tí wọ́n fi síńgílẹ́ẹ̀tì wé nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó gùn tó apá mi láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Wọ́n ti gbẹ́ ìta rẹ̀ bí ọ̀pá ìbọn àgbá, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó ní òrùka yípo, ṣùgbọ́n kò ní ihò.

"Bàbá, ta ló ni èyí?"

"Declan," ni Bàbá Tom dáhùn.

Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni Declan. Àwọn méjèèjì ló jọ bẹ̀rẹ̀ ìbọn náà nígbà tí Declan wà ní ilé ìwé, wọ́n fẹ́ kó kéré, kó sì yìn bí ìbọn gidi. Oògùn olóró tó wọ ìlú yìí nígbà yẹn ló mú Declan lọ kí ó tó pé ogún ọdún. Láti ìgbà náà ni idẹ ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìyá mi yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó ní, "Mo lè parí ẹ̀."

Bàbá Tom rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ìyá mi ki etí ìborùn rẹ̀ bọ ọrùn ẹ̀wù kí ẹ̀rọ má baà fà á, ó fi ègé irin kan sẹ́nu léèdì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Bàbá Tom, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ pé ilé iṣẹ́ irin kan ní Òṣogbo ni ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́ kí a tó wá sí Ireland, òun nìkan sì ni obìnrin láàárín àwọn tọ́nà.

Òṣogbo náà ni ẹ̀gbọ́n mi Lukman wà, lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi. Kékeré ni mo wà nígbà tí a fi í sílẹ̀, n kò rántí ojú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni mo mọ̀, nítorí gbogbo ọjọ́ Àìkú là ń ra káàdì pè é. Ìwé tí wọ́n máa fi mú un wá kò tíì jáde. Ó máa ń bi mí bóyá yìnyín dùn lẹ́nu.

Gbogbo ìgbà òtútù yẹn, tí ìyá mi bá ti parí iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún, á wọ ṣẹ́ẹ̀dì. Bàbá Tom sọ pé tó bá parí, àwọn á yìn ín fún Declan. Ìyá mi mi orí.

"Nílé wa, Bàbá, àgbàlagbà tó bá kú là ń yìnbọn fún. A kì í yìn ín fún ọmọ. Ọmọ tó bá ṣáájú òbí rẹ̀, ńṣe là ń dákẹ́."

Bàbá Tom ní, "Mo ti dákẹ́ tó, Risi."

Ọjọ́ Ẹtì kan ni ìyá ìyá mi pè wá láti Òṣogbo. Ibà ló pa Lukman. Wọ́n ti sin ín kí wọ́n tó pè. Ìwé ìrìnnà ìyá mi wà lọ́dọ̀ ìjọba, a kò lè lọ síbikíbi. Bàbá mi jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ìyá mi ṣe àlùwàlá, ó kírun, ó sì se oúnjẹ. Omi kan kò bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ síbi iṣẹ́, mo tẹ̀ lé e. Bàbá Tom ti gbọ́. Ó ní kó padà sílé.

"Tí mo bá padà, kí ni mo fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

Ọjọ́ yẹn ló dá ihò sínú ọ̀pá ìbọn. Iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sún síwájú ni, nítorí tí irin tó ń lu idẹ náà bá yà díẹ̀, idẹ tí Declan fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sì sí òmíràn. Bàbá Tom kò dá a dúró. Ó dìde lórí àga, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n di ìgò òróró mú, ó ń ro ó sí i díẹ̀díẹ̀. Òróró kán sí bàtà rẹ̀ ju ti idẹ lọ. Èérún idẹ ń jáde ní wíwé-wíwé, ó ń bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìyá mi pa ẹ̀rọ, ó tan tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò náà. Ó gún régé.

Ní mọ́ṣáláṣí, àwọn obìnrin tó ń pè é ní Ìyá Lukman yí i padà sí orúkọ tèmi láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àánú ló mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀, n kò sì lè sọ.

Ìyá mi àti Bàbá Tom gbẹ́ kẹ̀kẹ́ onígi fún ìbọn náà, wọ́n dán an títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Bàbá Tom kò dárúkọ yíyìn mọ́. Ìyá mi ló béèrè, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ní àsìkò tí a máa ń pe Òṣogbo.

"Bàbá, ẹ̀tù yẹn ńkọ́?"

Ẹ̀tù díẹ̀ ni, ọ̀rẹ́ Bàbá Tom kan tó ń dọdẹ ẹyẹ ló fún un. Wọ́n gbé ìbọn sórí bíríkì ní ẹ̀yìn ilé, wọ́n kọjú rẹ̀ sí ògiri, wọ́n ní kí n wọlé. Ojú fèrèsé ni mo ti ń wò.

Bàbá Tom ní, "Ti Declan nìkan?"

"Tàwọn méjèèjì," ni ìyá mi wí. "Níbí, kò sẹ́ni tó máa bi mí."

Ìyá mi fi iná sí i. Ìró náà kò tó ohun tí mo rò. Ó gbẹ, ó mú, bí ẹni gbá ilẹ̀kùn. Ajá àdúgbò gbó. Èéfín funfun rọra gba orí ògiri lọ. Ìyá mi jókòó sórí koríko tútù, ó sì sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè. Ó ń pe orúkọ Lukman. Bàbá Tom kò lè bẹ̀rẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò gbà, ó kàn dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ọwọ́ náà sì ń gbọ̀n lórí ìborùn rẹ̀.

Bàbá Tom kú kí ọdún yẹn tó parí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà kí ìyá mi gbé ìbọn náà sínú pósí rẹ̀, wọ́n sì sin ín sí ojú oórì kan náà pẹ̀lú Declan. Wọ́n ta ilé, wọ́n wó ṣẹ́ẹ̀dì, léèdì bá àwọn tó ń ra irin àlòkù lọ. Kò pẹ́ sígbà náà ni owó sá kúrò nílùú, tí ilé tí wọn kò kọ́ tán ń wo èèyàn bí ẹni tó la ẹnu sílẹ̀. Ìyá mi kò fọwọ́ kan léèdì mọ́ títí di òní.

Nígbà tí ìwé rẹ̀ padà jáde, ó lọ sí Òṣogbo. Ibi ìsìnkú ti kún, kò sí àmì, kò sì sẹ́ni tó lè nawọ́ sí ibì kan pàtó pé ibí ni. Ó padà wá, kò sọ púpọ̀.

Ó ti darúgbó báyìí, èmi ni mo ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sí itẹ́ òkú ní oṣù kọkànlá, nígbà tí àwọn ará Ireland máa ń lọ kí òkú wọn. Á ṣa ewé gbígbẹ kúrò lórí òkúta. Á kí Bàbá Tom, á kí Declan, lẹ́yìn náà á sún díẹ̀ síbi koríko tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, á sì ṣe àdúrà fún Lukman.