Òfì Ẹ̀yìn Kọ́tìnì

Lọ́dún tí owó epo fò sókè, tí gaàrí náà gbéra tẹ̀ lé e, odindi oṣù mẹ́rin ni ẹnikẹ́ni ò fi ra aṣọ lọ́wọ́ Kìtán. Kíjìpá ló ń hun ní Oǹdó, lórí òfì onígi tó dúró ti ògiri, èyí tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Monílọ́lá ọmọ rẹ̀ ti sọ ojú abẹ níkòó:

"Màmá, bí oṣù yìí bá parí tí ẹ ò tà, ẹ jẹ́ ká tú òfì yìí, ká fi yàrá yẹn gba ayálégbé."

Kìtán gbà. Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Olúwa, rán olùrà sí mi."

Ọ̀sẹ̀ tí oṣù máa parí ni Adélaní, tó máa ń mú àlejò káàkiri láti Àkúrẹ́, pè é lórí fóònù. Àwọn méje ló ń kó bọ̀ láti òkè Ìdànrè.

Àlejò kẹ̀! Kìtán gbálẹ̀, ó yá àga ṣọ́ọ̀ṣì, ó se ìrẹsì, ó wọ léèsì. Òfì eléruku wá ńkọ́? Ó ta kọ́tìnì bò ó. Ọlọ́run gbọ́ àdúrà tán, ìyá kó ọjà pamọ́.

Àwọn àlejò jẹun, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ń wo ògiri. Adélaní tẹ̀ sí Kìtán létí:

"Màmá, iṣẹ́ yín dà?"

"Ṣé iwájú àlejò ni n ó ti máa ṣiṣẹ́? Kí wọ́n lè ní wọn ò kọ́ mi nílé?"

"Iṣẹ́ ọ̀hún ni wọ́n wá wò o!"

Kìtán yíjú sí àwọn àlejò. "Ẹ gun òkè Ìdànrè tán, ẹ tún wá wo arúgbó tó ń hun aṣọ? Ẹsẹ̀ ò dùn yín ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ká kọ́tìnì, ó jókòó sídìí òfì tòun ti léèsì. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn fi àga sílẹ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìbéèrè Nímọ́tà, ọ̀kan nínú wọn, ò lópin. Kìtán náà bi í léèrè:

"Lọ́dọ̀ tiyín, ta ló ń hun aṣọ?"

"Ẹ̀rọ ni, Màmá. A kì í mọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀."

"Hàà! Ẹ sì ń wọ̀ ọ́ sọ́rùn?"

Nímọ́tà ní òun fẹ́ èyí tó wà lórí òfì. Àwọn mẹ́ta mìíràn ní kó hun tiwọn. Adélaní ní òun tún ń kó èèyàn bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Monílọ́lá ti ń wò láti ẹnu ọ̀nà. "Màmá, ọjọ́ mélòó lẹ fi ń hun ẹyọ kan?"

"Ọ̀sẹ̀ kan."

"Mẹ́rin ńkọ́, pẹ̀lú ọwọ́ yín méjèèjì yìí?"

"Ọwọ́ á di mẹ́rin bí o bá sún mọ́ ibí."

Monílọ́lá pòṣé, ó bọ́ bàtà, ó sún mọ́ ọn.