Ọkọ̀ Àbínúrà

Bí ẹ bá fẹ́ràn ìtàn tí wọ́n ti ń dárí jinni, ẹ wá ibòmíràn jókòó sí. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò mọ ọ̀nà ilé ìdáríjì, kò sì bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá Aláwọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé iṣẹ́ awọ ìjókòó ọkọ̀ ló ń ṣe. Bí ìjókòó ọkọ̀ yín bá ya, tí fóòmù inú rẹ̀ yọjú síta, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò júwe fún yín: ṣọ́ọ̀bù onípáànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlá mẹkáníìkì, tí òórùn gọ́ọ̀mù àti awọ tuntun máa ń pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ náà gbó débi pé bó bá rán mẹ́ta, á fo ẹ̀kẹrin. Ìyá Aláwọ á wá fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ dí ibi tó fò, á sì máa ṣépè fún un bí ẹni ń bá orogún jà.

Ó ti ń tu owó ẹ̀rọ tuntun jọ, èyí tó lágbára tó lè rán awọ mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Owó ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ni, lọ́jọ́ tí mẹkáníìkì yọ orí sí i lójú fèrèsé.

"Ìyá Aláwọ, ẹ ò ní gbà gbọ́. Fáàrí fẹ́ ta ọkọ̀ yẹn."

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ọkọ̀ wo?"

"Ọkọ̀ wo lẹ tún ń bèèrè? Ọkọ̀ ilẹ̀kùn méjì. Ọkọ̀ asáré."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ fún yín. Fáàrí ni ọkọ Ìyá Aláwọ nígbà kan. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ náà, ó sì bá a mu: ọkùnrin tí kò ní ju ṣòkòtò méjì lọ, ṣùgbọ́n tí méjèèjì ń gún ojú ẹni tó bá wò wọ́n. Lọ́dún tí ọmọbìnrin wọn pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ó lọ ra ọkọ̀ pupa kan tó sún mọ́lẹ̀ bíi pé ó ń wá owó tó já bọ́. Ilẹ̀kùn méjì, ìjókòó méjì, iná iwájú tó máa ń là bí ojú bí wọ́n bá tàn án. Bàbá, ìyá, ọmọ: ènìyàn mẹ́ta. Ìjókòó méjì. Ẹ̀yin náà ẹ ti mọ̀ pé ìṣirò yẹn kò dọ́gba. Síbẹ̀, Ìyá Aláwọ fara mọ́ ọn. Òun gan-an ló fi ogójì ọjọ́ rán awọ ìjókòó rẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ tò tẹ̀léra bí èèrà tó ń ti oko bọ̀.

Oṣù tó tẹ̀lé e ni ibà mú ọmọ. Ọ̀sán gangan ni. Ara ọmọ ń jó bí iná, ó ń bì, ojú rẹ̀ ń yí sókè. Ìyá gbé e, ó sáré jáde. Fáàrí wà níwájú ilé, ó ń fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nu ọkọ̀.

"Ṣí ilẹ̀kùn! Ọmọ ń kú lọ!"

Fáàrí wo ọmọ, ó wo ìjókòó. "Ọmọ tó ń bì? Nínú ọkọ̀ yìí? Lórí awọ tuntun?" Ó ní kó wá ọkọ̀ mìíràn lójú títì, òun á máa bọ̀ lẹ́yìn.

Kò bọ̀ lẹ́yìn. Ìyá Aláwọ pọn ọmọ, ó sáré títí bàtà fi já lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì bá eré náà lọ láìwọ bàtà. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè dé ni. Ọmọ yè, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, etí ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ́ ohunkóhun mọ́. Kí ọdún tó parí, Fáàrí ti rí obìnrin mìíràn gbé sórí ìjókòó kejì, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọdún mọ́kàndínlógún rèé. Ìbínú náà kò gbó, kò ṣá. Àwọn ará ilé ní kó fi ọ̀rọ̀ náà fún Ọlọ́run. Ó ní òun ti fi í fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù lọ́wọ́ Ọlọ́run, òun lè bá a dá sí i.

"Eélòó ló pè é?" ló bi mẹkáníìkì.

Mẹkáníìkì sọ iye rẹ̀. Iye owó ẹ̀rọ tuntun gẹ́lẹ́ ni, àfi bíi pé ẹnìkan yọjú wo inú àpótí rẹ̀.

"Ó dọ́pọ̀ o, mi ò ní parọ́ fún yín," ni mẹkáníìkì wí. "Orúnkún ń yọ Fáàrí lẹ́nu. Bó bá ti wọ inú ọkọ̀ yẹn, ènìyàn méjì ló ń fà á jáde. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí mi dáadáa. Ọkọ̀ yìí wà ní ọjọ́ orí burúkú. Kò tuntun mọ́ tí ènìyàn á fi yangàn, kò sì tíì gbó tó ohun tí àwọn olówó ń wá kiri. Ìdí tó fi dọ́pọ̀ nìyẹn. Rírà rẹ̀ kọ́ ni wàhálà, bíbọ́ rẹ̀ ni. Ó ń mu epo bí àlejò tí kì í ṣe òun ló ń sanwó. Ẹ lọ ra ẹ̀rọ yín, ẹ jọ̀ọ́."

"Bá mi rà á. Má dárúkọ mi."

"Inú ló ń bí yín. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ, Ìyá Aláwọ."

"Ṣé òkò ni mo ní kó o bá mi rà ni? Ọkọ̀ ni mo ní!"

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ó dáa. A ó wo ohun tí ọkọ̀ àbínúrà á pa." Láti ọjọ́ náà ni orúkọ yẹn ti mọ́ ọkọ̀ náà lára ní gbogbo àgbàlá.

Ohun tó fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe kò lọ́jú pọ̀. Ó fẹ́ tún un ṣe kó dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó wá máa gbé e kọjá níwájú ilé Fáàrí láràárọ̀, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí. Ó fẹ́ kí ojú kán ọkùnrin náà, kó fẹ́ wọlé, kó bẹ̀bẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ó fẹ́ rí omijé rẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ gbé, kò rí i kí ó sunkún rí, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀ etí ọmọ fún un. Ìyá Aláwọ gbà pé gbèsè ni omijé yẹn, òun á sì gbà á kí ikú tó gba ọkùnrin náà lọ́wọ́ òun.

Wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ náà wọ àgbàlá. Pupa rẹ̀ ti ṣá. Nígbà tí mẹkáníìkì tan iná rẹ̀, ojú kan là, èkejì ń sùn. Ọmọbìnrin Ìyá Aláwọ, tó ti di ọmọ ọdún méjìlélógún, tó ń ta oògùn ní ilé ìtajà oògùn, bá wọn níbẹ̀ bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

"Màámi, ẹ̀rọ ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ ò sá lọ."

Ọmọ náà wo ọkọ̀ náà títí. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó sì yára yọ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ bá wí. Ó yí padà, ó gba ilé lọ. Ìyá rẹ̀ rò pé inú ló ń bí òun náà.

Oṣù mẹ́jọ ni ọkọ̀ náà fi jẹ wọ́n. Lónìí páìpù, lọ́la bírékì, lọ́túnla wáyà tí wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́, tí mẹkáníìkì fi ọwọ́ ara rẹ̀ so. Àárín kan níbẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ pátápátá. Àwọn oníbàárà dúró lọ́sẹ̀ kan, lọ́sẹ̀ kejì wọ́n gba ọ̀dọ̀ aránwọ tó wà lẹ́yìn afárá lọ. Ìyá Aláwọ ò bìkítà. Ó bó awọ àtijọ́ kúrò lórí ìjókòó méjèèjì, ó gé tuntun, ó sì fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an láti òkè délẹ̀. Ìka rẹ̀ wú, ó fi aṣọ wé e, iṣẹ́ ń lọ.

"Ṣé ó wá tó bẹ́ẹ̀?" ni mẹkáníìkì bèèrè.

"Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni," ló dá a lóhùn, kò gbójú sókè.

Ọjọ́ tó fi òwú tó kẹ́yìn sí i ni Fáàrí wọlé. Ìyá Aláwọ kò tíì gbé ọkọ̀ náà jáde rárá. Fáàrí ti di alágbàtà ọkọ̀, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀, bàtà rẹ̀ ṣì ń dán. Ó mú olówó kan lẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ. Ẹnìkan ti sọ fún un pé wọ́n jí ọkọ̀ òun dìde ní àgbàlá yìí, ó sì rí ibi tí òun á ti jẹ èrè ẹ̀ẹ̀kejì.

Ó rí Ìyá Aláwọ lórí ìjókòó pẹ̀lú abẹ́rẹ́, ó mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ náà wà. Ẹ̀rù ò bà á, ojú ò tì í. "Háà! O ṣì wà níbí? O ṣì ń ránwọ?" Ó yíjú sí olówó. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ti rọrùn. Ìyàwó mi àtijọ́ nìyí."

Olówó náà kò fetí sí i. Ó ti wọlé sínú ọkọ̀, ó ń fi àtàńpàkò tẹ̀lé ojú abẹ́rẹ́. "Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni."

"Ọwọ́ lásán?"

"Ọwọ́ lásán, sà."

"Irin inú ọkọ̀ yìí, mo lè rí i níbòmíràn. Ìjókòó yìí ni màá sanwó fún. Irú ẹ̀ ò sí mọ́." Ó sì pe iye kan tó lè ra ẹ̀rọ mẹ́ta.

Ẹ má jẹ́ kí n parọ́, ọkàn Ìyá Aláwọ yẹ̀. Ó rí ẹ̀rọ tuntun. Ó rí páànù tuntun lórí ṣọ́ọ̀bù, ó rí àwọn oníbàárà tó ń ti ẹ̀yìn afárá padà bọ̀. Mẹkáníìkì wà lẹ́yìn olówó, ó ń mi orí sí i bí aláǹgbá. Ìyá Aláwọ ti la ẹnu láti sọ pé òun gbà. Ká ní Fáàrí dákẹ́ ni!

Ṣùgbọ́n èrè alágbàtà ń fà á lẹ́nu. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yọ kọ́bọ̀ nínú owó yẹn o," ló wí, ó ń fọwọ́ pa ilẹ̀kùn lára. "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ni ín, mo mọ bí mo ṣe ṣìkẹ́ ẹ̀. Ọmọdé kan ò fìdí kan ìjókòó ọkọ̀ yìí rí. Mi ò jẹ́ gbà fún wọn!" Ó sì rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn sí ara rẹ̀.

Ìyá Aláwọ pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó lọ sídìí tábìlì, ó mú ọ̀bẹ tó fi ń gé awọ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ̀kalẹ̀." Olówó sọ̀kalẹ̀, ó rò pé òwú kan ló fẹ́ gé. Ìyá Aláwọ ki ọ̀bẹ bọ òkè ìjókòó àkọ́kọ́, ó fà á wálẹ̀ títí dé ìdí, fóòmù wú jáde. Ó yí sí ìkejì. Iṣẹ́ oṣù púpọ̀, kò gbà á tó ìṣẹ́jú kan.

"Èmi ò bá yín jà o," ni olówó wí, ó fẹ̀yìn rìn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Fáàrí ju ọ̀pá sílẹ̀. Ó fi orúnkún rẹ̀ tó ń dun ún yẹn kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó na ọwọ́ sínú ọkọ̀, ó ń gbìyànjú láti fi ìka pa awọ náà dé. Ó sì bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún ojú ayé: ikun ń dà, èjìká ń gbọ̀n. "Kí ló ṣe ọ́? Kí ni ọkọ̀ ṣe ọ́?"

Ìyá Aláwọ fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ó dúró tì í, ó wò ó tẹ́rùn. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ẹ̀san kì í dùn. Ó dùn. Ó dùn dé ọ̀pá ẹ̀yìn.

Nígbà tí Fáàrí ti fa ara rẹ̀ lọ, mẹkáníìkì mí kanlẹ̀. "Ẹ̀rọ mẹ́ta lẹ gé sí wẹ́wẹ́ yẹn o."

"Mo ń kà wọ́n bí mo ṣe ń gé wọn."

Ọmọ rẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá Aláwọ gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ́ kó bu òkèlè kan tó fi bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́, ó ń ṣe é. Ó fi ìgbálẹ̀ ṣe ọ̀pá, ó tiro bí Fáàrí, ó kúnlẹ̀, ó fa ikun, ó rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn ún. "O ò rí i! Ó sunkún bí ọmọ ìkókó! Bàbá rẹ sunkún!"

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ìka yí etí àwo.

"Màámi, ṣé ó bèèrè mi?"

Ẹ̀rín dá. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, ọmọ yìí kò dárúkọ bàbá rẹ̀ rí nínú ilé náà. Ìyá rẹ̀ ti rò pé ìbínú ni. Ó wá wo ojú rẹ̀ báyìí, ó rí i pé kì í ṣe ìbínú, kò sì fìgbà kan jẹ́ ìbínú rí.

Òtítọ́ wà lẹ́nu Ìyá Aláwọ. Fáàrí wà níbẹ̀ fún wákàtí kan, ó bèèrè awọ, ó bèèrè owó, kò bèèrè ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni: kò bèèrè ẹ. Bó bá sọ ọ́, ẹ̀san rẹ̀ pé.

"Ó bèèrè ẹ," ló wí.

"Lóòótọ́?"

"Kí ló fẹ́ ṣe é tí kò ní bèèrè ọmọ ẹ̀? Kó tó rí ọkọ̀ rárá ló ti ní, 'Ọmọ mi ńkọ́?' Mo ní o wà. Ó ní ṣé ara ẹ le. Ó ní òun gbọ́ pé ilé ìtajà oògùn lo ti ń ṣiṣẹ́, pé o gbọ́n."

Ọmọ náà fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. Ó fẹ́ mọ bó ṣe sọ ọ́. Ó fẹ́ mọ bóyá ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Ìyá Aláwọ jókòó síbẹ̀, ó ń rán ọkùnrin rere kan pọ̀ fún un díẹ̀díẹ̀, oúnjẹ tutù níwájú wọn.

"Màámi, ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ.