Ilẹ̀kùn Tí Gbénró Kò Gbọ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá inú ń bí Kúnbi, imú rẹ̀ ni kí ẹ wò. Á fẹ̀ bí ẹnu àpò gààrí. Àwọn oníbàárà tó ń rán kọ́tìnì lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìkòsì a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Mummy Gbénró, imú ti dé o!" Òun náà á bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan lọ́dún 2004, kò sẹ́ni tó jẹ́ fi imú yẹn ṣeré. Mummy Charles, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, mú ìyá arúgbó kan wọlé tòun ti abẹ tuntun. Gbénró ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, kò tíì pe ìyá ẹ̀ rí. Mummy Charles ní okùn abẹ́ ahọ́n ló dè é, kí wọ́n gé e kíá.

"Ẹ gé tiyín ná, Mummy Charles. Tiyín gùn ju tọmọ mi lọ!"

"Kúnbi! Èmi lò ń bú?"

"Ẹ má bínú, Ma. Etí ni, kì í ṣe ahọ́n. Nọ́ọ̀sì tó ń fún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára ló sọ fún mi. Ó ní bí a bá sọ̀rọ̀, ńṣe la mú kí afẹ́fẹ́ máa gbọ̀n, á gbọ̀n lọ títí á fi kan awọ fẹ́lẹ́ tó wà nínú etí. Bí etí ò bá gbà á, ọmọ ò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ rí, báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

"Irọ́ ńlá!" Mummy Charles gbá ilẹ̀kùn dé, gbàà! Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni wọ́n ń gbé, pákó ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ rẹ̀. Gbénró tó jókòó sílẹ̀, tó kọ̀yìn sí wọn, yíjú padà wìì.

"Ẹ rí i! Etí ẹ̀ ò di! Olóríkunkun ni!"

Ìyá arúgbó ti ń tú abẹ. Àmọ́ Kúnbi ti gbọ́ bí pákó ṣe mì lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ òun náà. Ó gbé ọmọ ka orí fóòmù, ó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ tún un gbá."

Gbàà! Gbénró ń fi bọ́tìnnì ṣeré.

"Ẹ gbá a dáadáa! Àbí ẹ ò jẹun ni?"

GBÀÀ! Eruku já láti òkè àjà. Ará ìsàlẹ̀ pariwo pé, "Ṣé ẹ fẹ́ wó ilé lé wa lórí ni?" Gbénró ò wẹ̀yìn.

"Pákó ló ń fi ìdí gbọ́," ni Kúnbi wí. "Kì í ṣe etí."

Ìyá arúgbó di abẹ rẹ̀ padà, ó bọ́ síta láìdágbére. Mummy Charles káwọ́ lérí.

Kúnbi ti borí, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ ọn. Ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn ń dún, inú rẹ̀ ló ti ń bẹ ọmọ náà pé kó jọ̀ọ́, kó yíjú, kó sọ òun di òpùrọ́. Ó wá èébú tí ì bá fi bú Mummy Charles, kò rí. Ó yíjú sí ilẹ̀kùn, ó ta á nípàá.

Ó pọn ọmọ rẹ̀. "Ọsibítù là ń lọ. Wọn á yẹ etí ẹ̀ wò lónìí."

"Màá bá yín lọ," ni Mummy Charles sọ jẹ́jẹ́.

"Ẹ bá a mú bàtà ẹ̀ dání, kí lẹ tún dúró ń wò!"