Ẹ̀bẹ̀ Tí Bàbá Mi Bẹ̀ Nítorí Òrùka Kábọ́ọ̀nù

Ọjọ́ Ajé tí bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún tíṣà kẹ́mísírì wa kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Wagadugu ni, nígbà tí Faransé ṣì ń ṣèjọba.

Nínú ìdánwò, tíṣà náà, òyìnbó Faransé tí à ń pè ní Músíọ̀, ya òrùka kan tó ní kábọ́ọ̀nù mẹ́fà, ó so ẹ̀ka méjì tí wọ́n ń pè ní mẹ́tíìlì mọ́ ọn, ó ní kí a sọ ọ́ lórúkọ. Ìlànà ni pé kí a ka àwọn kábọ́ọ̀nù náà yípo lọ sí apá tí nọ́ńbà ibi tí àwọn ẹ̀ka náà wà yóò ti kéré jù. Mo kọ ọ̀kan àti mẹ́ta. Músíọ̀ fagi lé e. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló mọ̀ ọ́n kà sí, ó ní ọ̀kan àti márùn-ún ni. Máàkì yẹn ni wọ́n sì máa fi yan ẹni tí yóò lọ ka ìṣègùn ní Dakar.

Mo ṣàlàyé fún bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Dapoya. Ó ní, "Ó lè jẹ́ ìwọ lo gbà á o. Ṣùgbọ́n ta ní ń bá tíṣà ọmọ rẹ̀ ṣẹjọ́? Ẹ̀bẹ̀ la ó bẹ̀ ẹ́."

Ó wọ aṣọ Jímọ́ọ̀ rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo kíláàsì. "Músíọ̀, pàdọ́ọ̀nù, ẹ dárí jì í. Ọmọdé ló ń ṣe é."

Músíọ̀ rẹ́rìn-ín. "D'accord, ó dáa. Ọmọ náà ti jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Mo dárí jì í."

Bàbá mi ń dúpẹ́, "Barka, barka." Máàkì náà kò yí padà. Ẹlòmíràn ló lọ sí Dakar.

Òfin ni mo padà kà. Títí bàbá mi fi kú, ó ń sọ fún àlejò pé òun ló fi ẹ̀bẹ̀ gbà mí lọ́wọ́ òyìnbó. Mi ò já a ní koro rí.